Ọmú, Ògì àti Agbo: Bí Àwọn Ìyá Yorùbá Ṣe Ń Bọ́ Ọmọ Láti Ayé Àtijọ́

Ọmú ìyá ni ilẹ̀ Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọmọ, ọmọ a sì máa mu ún fún ọdún méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó já a lẹ́nu rẹ̀. Láàárín àkókò yìí, omi, agbo, ẹ̀kọ mímu àti oúnjẹ inú ìkòkò á máa bá ọmú rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbà tirẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá mọ̀ nípa gbogbo èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n kà nínú ìwé. Ọwọ́ ìyá wọn, ìyá ọkọ wọn àti agbẹ̀bí àdúgbò ni wọ́n ti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí ọmọ yè tàbí kó kú nílẹ̀ yìí láyé àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn àgbà obìnrin wọ̀nyí ń sọ fún ọlọ́mọ tuntun.

Bí ọmọ bá ti wálẹ̀, omi ló sábà máa ń kọ́kọ́ kan ẹnu rẹ̀. Wọ́n gbà pé òùngbẹ ń gbẹ àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti pé omi ni yóò fọ inú rẹ̀ mọ́. Omi ọmú àkọ́yọ, èyí tó máa ń ki tó sì máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò wu ọ̀pọ̀ ìyá lójú. Àwọn kan á fún un dànù títí ọmú funfun á fi dé, nítorí wọ́n rò pé ọmú tó ti pẹ́ jù nínú ọyàn ni, ó sì lè da ọmọ nínú rú. Ìmọ̀ ìṣègùn ti wá fi hàn lẹ́yìn náà pé inú omi ọmú àkọ́yọ yìí gan-an ni èròjà tó ń bá àrùn jà pọ̀ sí jù lọ. Ohun tó dára jù tí ara ìyá ní fún ọmọ ni wọ́n ń dà sílẹ̀.

Agbo tẹ̀ lé omi. Ewé, egbò àti èèpo igi ni wọ́n fi ń sè é, ìkòkò rẹ̀ a sì máa wà nídìí ààrò fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á máa bu omi sí i, wọ́n á máa tún un gbé kaná. Ọmọ ń mu ún, wọ́n sì ń fi í wẹ ọmọ. Ibà ní agbo tirẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ní tirẹ̀, inú rírun àti eyín híhù náà ní tiwọn. Lójú àwọn ìyá àgbà, agbo ni ìfẹ́ tí a ń rí. Ọlọ́mọ tí kò bá fún ọmọ lágbo, aláìbìkítà ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì sọ ọ́ sí i létí. Èyí ṣe pàtàkì láti rántí, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì tó wá ń sọ lẹ́yìn náà pé kí wọ́n pa agbo tì kò mọ̀ pé ohun tí àwọn ń bá jà kì í ṣe ewé àti egbò nìkan, àpọ́nlé ìyá láàárín ẹbí rẹ̀ ni.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà ní ti oúnjẹ nínú. Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì, kí ọjọ́ kẹjọ tó wá di ti gbogbo ọmọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi omi, iyọ̀, oyin, epo àti ataare kan ọmọ lẹ́nu, pẹ̀lú àdúrà tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mu. Ohun tó ń wọ ọmọ lẹ́nu níbẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé oúnjẹ ni Yorùbá fi ń gba ènìyàn wọ inú ẹbí, kò sì rọrùn fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láti gbọ́ pé ọmú nìkan ló tọ́ sí ọmọ.

Ọlọ́mọ náà ní oúnjẹ tirẹ̀. Wọ́n ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ tó ta dáadáa, ẹmu pẹ̀lú ní àwọn ibòmíràn, kí omi ọmú lè pọ̀. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á wá gbé tì í, á máa fi omi gbígbóná jó o, á máa wẹ ọmọ, á máa nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀. Bí ìyá bá kú lórí ìkúnlẹ̀, obìnrin mìíràn nínú ẹbí tó ní ọmọ lọ́wọ́ ló máa ń gba ọmọ òrukàn náà mọ́ ọyàn; níbi tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ọmọ náà wà nínú ewu ńlá.

Nínú gbogbo ìmọ̀ àtijọ́ yìí, ohun tó jinlẹ̀ jù ni pé ọkọ àti aya kì í sùn pọ̀ nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú. Wọ́n gbà pé àtọ̀ ọkùnrin ń ba omi ọmú jẹ́, pé ọmọ tó bá mu irú ọmú bẹ́ẹ̀ á máa ṣàìsàn, á sì rù. Obìnrin tó bá tún lóyún kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó lè rìn dáadáa á di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà, ọkọ rẹ̀ náà kò ní lè gbójú sókè láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ìyàwó bá ti pọ̀ nílé, ó rọrùn fún ọkùnrin láti pa òfin yìí mọ́. Ọlọ́mọ mìíràn á kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat, àwọn onímọ̀ nípa iye ènìyàn láti Ọsirélíà, ṣe ìwádìí lórí àṣà yìí ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1977. Wọ́n rí i pé ìtakété àwọn Yorùbá lẹ́yìn ìbímọ wà lára èyí tó gùn jù tí wọ́n mọ̀ láyé. Àlàyé pé àtọ̀ ń ba ọmú jẹ́ kò bá ìṣègùn mu, àmọ́ èso tí òfin náà so dára púpọ̀. Ó fún ìyá ní àyè láti sinmi, ó sì fún ọmọ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí kò sí àbúrò tí yóò gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí ní ilé ìwòsàn ni àwọn ìyá ti ń fi ọ̀nà yìí fètò sí i.

Ẹ̀kọ mímu ni oúnjẹ tí ọmọ ń bá pàdé lẹ́yìn ọmú. Àwọn ìyá mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn mìíràn kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Àgbàdo tàbí ọkà bàbà ni wọ́n ń fi ṣe ògì rẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí á fi rọ̀ tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Wọ́n á ṣàn án, wọ́n á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta dé, wọ́n á wá fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Eèrí tó kù lókè asẹ́ di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ògì á dì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, omidùn á dúró lórí rẹ̀, á sì máa kan sí i lójoojúmọ́. Kíkan yìí ní àǹfààní. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń mú ògì kan ń sọ omi rẹ̀ di èyí tí àwọn kòkòrò àrùn ìgbẹ́ gbuuru kò lè fi bẹ́ẹ̀ gbèrú nínú rẹ̀. Àwọn ìyá kò rí kòkòrò kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ògì tó kan dáadáa kì í tètè bàjẹ́, wọ́n sì ń fi omidùn po agbo.

Ìṣòro ògì wà níbòmíràn. Asẹ́ ti kó apá kan nínú èròjà tó ń mú ara dàgbà lọ mọ́ eèrí. Àgbàdo fúnra rẹ̀ kò ní púpọ̀ nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀ bí a bá fi wé ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin. Lórí èyí, ẹ̀kọ ọmọ kò gbọ́dọ̀ ki, kó má bàa há a lọ́fun, nítorí náà omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ á mu ún títí ikùn rẹ̀ á fi le, á sùn, ìyá á sì rò pé ó ti yó. Inú ọmọ kékeré kò tóbi. Bí omi bá ti gba ibẹ̀, oúnjẹ kò ráàyè mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ yìí yẹ fún àpèjúwe, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú òde òní kò rí i rí. Rírọ ni wọ́n ń rọ ọmọ. Ìyá á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á sì tẹ́ ọmọ sórí itan, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Á ká ọwọ́ òsì yí ẹnu ọmọ ká, á da ẹ̀kọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ náà títí á fi bo ètè. Bí ọmọ bá sunkún, ẹ̀kọ á wọlé. Bí ó bá pa ẹnu dé, wọ́n á fún un nímú pọ̀, kó lè la ẹnu láti mí, nígbà náà ni yóò gbé e mì. Ọmọ á máa tàpá, á máa fọwọ́ wọ́ ìyá rẹ̀ láṣọ, ìyá náà kò ní dáwọ́ dúró títí abọ́ á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, á gbé e nà ró, á gbọ̀n ọ́n, á pọ̀n ọ́n. Ìdí wà fún un. Obìnrin tó ń lọ sóko tàbí tó ń lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́ fẹ́ kí inú ọmọ kún kó tó jáde, ọmọ tí kò sì fẹ́ jẹun nítorí àìsàn gbọ́dọ̀ jẹun kó má bàa kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá àṣà náà jà gidigidi nígbà tó yá, nítorí ẹ̀kọ tàbí agbo lè ṣìnà gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fún ọmọ pa lójú ẹsẹ̀.

Oúnjẹ tí wọ́n ń fi pamọ́ fún ọmọ kò kéré sí èyí tí wọ́n ń fún un. Bí ọmọ bá ti lè jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ oúnjẹ àgbà wò: ẹ̀kọ jíjẹ, àmàlà, iyán, omi ọbẹ̀. Ẹran àti ẹyin kì í sí níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹyin àti ẹran á di olè, á sì máa ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹran inú ọbẹ̀, bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù ú fún, lẹ́yìn náà àwọn àgbà yòókù, ọmọdé ló máa ń rí egungun fi ṣeré. Wọ́n tún ń bẹ̀rù pé ẹ̀wà á da ọmọ nínú rú. Ìwà ọmọ ni òfin ẹran àti ẹyin yìí wà fún. Wọn kò fẹ́ kó ya ọ̀kánjúwà. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ló ń san owó rẹ̀, ní àkókò gan-an tí ọmú kò tó o mọ́ tí ògì kò sì lè gbé e ró.

Bí àkókò bá tó láti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyá á fi ewúro ra orí ọyàn, tàbí kó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ìgbà díẹ̀. Àárín àsìkò yìí ni àrùn kan sábà máa ń dé. Ẹsẹ̀ ọmọ á wú, ojú rẹ̀ á wú, irun rẹ̀ á fẹ́lẹ́ á sì pọ́n, kò ní ṣeré mọ́, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ní Gold Coast, tó di Ghana lóde òní, dókítà obìnrin ará Jàmáíkà kan, Cicely Williams, ṣe àpèjúwe àrùn yìí nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní 1933, ó sì lo orúkọ tí àwọn Gã ń pè é, kwashiorkor, ní 1935. Ó sọ pé àìtó oúnjẹ ló ń fà á, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe oúnjẹ ni ìyá kọ́kọ́ ń fura sí. Àbíkú ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá kú báyìí, tàbí kí wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta kò ní ẹlòmíràn tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìgbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, láti 1967 sí 1970, tí àwòrán àwọn ọmọ tó wú kún inú ìwé ìròyìn, ni orúkọ kwashiorkor wá di ti gbogbo ènìyàn.

Àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fara balẹ̀ wo bí àwọn ìyá Yorùbá ṣe ń bọ́ ọmọ kí ogun tó dé. Ní 1953, D. B. Jelliffe, tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí àwọn Yorùbá ìlú náà ṣe ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ. Àmọ́ iṣẹ́ tó yí nǹkan padà jù lọ, ìlú kékeré kan láàárín òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn Ìmẹ̀sí-Ilé. Dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956. Ó rí i pé ilé ìwòsàn ńlá ń wo ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rí ọmọ kí àìsàn tó wọ̀ ọ́ lára. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn láti ìgbà ìbí wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ àìsàn wọn sílẹ̀, wọ́n ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ nílé.

Ohun tí ìwọ̀n fi hàn ya àwọn tó ń pe ìyá Áfíríkà ní aláìmọ̀kan lẹ́nu. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ń dàgbà dáadáa lórí ọmú ìyá wọn. Ẹ̀yìn oṣù mẹ́fà ni ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú kan. Títí di ọdún kejì, ọmọ mìíràn lè má fi bẹ́ẹ̀ wúwo sí i mọ́. Àkókò ògì lásán nìyẹn. Ìgbẹ́ gbuuru, ibà, ikọ́ líle àti ìta (tí wọ́n tún ń pè ní mísù) máa ń wá bá ọmọ nígbà tí ara rẹ̀ kò ní agbára mọ́. Ìta pa ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá láyé ìgbà yẹn, Ìmẹ̀sí-Ilé sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wò ní Áfíríkà.

Wọ́n dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo aláìsàn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wọn ẹni tí ara rẹ̀ le, lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan náà tó gbọ́ èdè ìyá. Ohun èlò rẹ̀ tó lókìkí jù ni káàdì ìwọ̀n. Orí káàdì náà ni ìlà méjì wà tí ó ń fi hàn ibi tó yẹ kí ìwọ̀n ọmọ máa gbà lọ sókè, oṣù ìbí rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi àmì kan sí i nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wá. Ìyá tí kò kàwé rí lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá àmì ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan káàdì náà ni wọ́n ń kọ ìdí tí ọmọ kan fi nílò àmójútó jù: ìbejì, ọmọ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ti kú, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mélòó kan ti kú. Morley kò tọ́jú káàdì sí ilé ìwòsàn. Inú ọ̀rá ni wọ́n fi í sí, ìyá ló ń gbé e lọ sílé, ó sì ń pa á mọ́ dáadáa. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí kì í ṣe nǹkan kékeré ní ìgbà ìjọba amúnisìn. Wọ́n fi ìwé lé ọwọ́ obìnrin àgbẹ̀, wọ́n sì gbà pé òun ló ni ín.

Nígbà tí wọ́n wá fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Mẹ̀sí tó wà nítòsí, tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ikú ọmọdé kéré gan-an ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1961, ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì kú ní 2009. Káàdì ìwọ̀n tí àwọn ìyá ń mú lọ sí ilé ìwòsàn kárí ayé lónìí ti ibẹ̀ wá. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ èyí.

Bí Ìmẹ̀sí-Ilé ti ń tẹ̀ síwájú ni nǹkan mìíràn ń wọ inú àwọn ìlú ńlá. Mílíìkì alágolo fún ọmọ ọwọ́ wọ Èkó àti Ìbàdàn, pẹ̀lú àwòrán ọmọ tó sanra lára agolo. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tà á ń rán àwọn obìnrin tó múra bí nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n ń fún ọlọ́mọ ní agolo ọ̀fẹ́. Ìyá tó bá gbà á á rò pé ilé ìwòsàn ló fọwọ́ sí i. Fíìdà di àmì pé ènìyàn lajú. Ọlọ́mọ tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìdí láti lò ó, ṣùgbọ́n ìyàwó oníṣẹ́ ọwọ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan náà fẹ́ lò ó. Agolo tó yẹ kó tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, á fi ọ̀sẹ̀ méjì lò ó, á máa bu omi lé e. Omi kànga tí kò sè, rọ́bà fíìdà tí kò rí omi gbígbóná, eṣinṣin: ìgbẹ́ gbuuru á dé. Ọmú tó ti fi sílẹ̀ á sì gbẹ. Jelliffe, ẹni tó ti wádìí ọ̀rọ̀ ọmọ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó pariwo jù lọ pé òwò ló ń fa irú àìjẹunkánú bẹ́ẹ̀. Ní 1974, oníròyìn Mike Muller tẹ ìwé kan jáde ní Gẹ̀ẹ́sì tó fi ẹ̀sùn náà kan àwọn ilé iṣẹ́ mílíìkì. Ní 1977, àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà Nestlé, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà. Ní oṣù Karùn-ún 1981, àpérò Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà àgbáyé lórí títa ohun tí a fi ń rọ́pò ọmú ìyá. Orílẹ̀-èdè 118 ló gbà, Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò kọ̀ ọ́. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990, Decree 41, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn, ló sì wá ń mójú tó o lẹ́yìn náà.

Àwọn kan gbìyànjú láti tún ògì fúnra rẹ̀ ṣe, ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu jù nìyẹn, nítorí ìyá kò ní láti kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Òṣòdì fi ẹ̀wà sóyà kún ògì àgbàdo, wọ́n pè é ní Soy-Ogi. Ní Ìbàdàn, IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, kọ́ àwọn obìnrin abúlé láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990 bí wọ́n ṣe lè fi sóyà sínú ògì, mọ́ínmọ́ín àti ọbẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ní nǹkan bí àkókò kan náà, wọ́n gbé Ẹ̀kọ Ìlera jáde: ògì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n yan, epo pupa àti ṣúgà. Gbogbo èròjà rẹ̀ wà lọ́jà, àwọn obìnrin tó ń gbé ní àdúgbò ló sì ń kọ́ ara wọn lójúkojú. Ọ̀pọ̀ ìyá gbọ́ nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ dán an wò. Àwọn tó sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́ kéré sí ìyẹn, nítorí yíyan ẹ̀wà àti lílọ̀ ọ́ gba àkókò, igi ìdáná sì wọ́n. Ibi tí ẹ̀kọ́ tó dára pin sí nìyẹn nígbà tí ọwọ́ ìyá kò bá sinmi.

Ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera, láti 1985 sí 1992, ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ wọ ilé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n jù lọ. Dókítà ọmọdé ni òun fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, àwọn ìyá máa ń dá oúnjẹ àti omi dúró lẹ́nu rẹ̀, kí ìgbẹ́ lè dá. Wọ́n tún gbà pé eyín tó ń hù ló ń fà á, nítorí náà wọn kì í wá ìtọ́jú. Ìlànà tí ìjọba ń kéde wá fún gbogbo ilé ni omi iyọ̀ òun ṣúgà: ṣíbí kékeré kan iyọ̀ tí kò ga, ṣíbí kékeré mẹ́wàá ṣúgà tàbí hóró ṣúgà márùn-ún, nínú ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì omi mímọ́. Kò sí ilé tí kò rí ìgò wọ̀nyí, ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ náà fi wọlé. Ìgbàgbọ́ nípa eyín kò kúrò ní kíá bẹ́ẹ̀. Ní 2008, òògùn eyín kan tí èròjà olóró wọ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Eyín kì í pa ọmọ, ohun tí wọ́n fún wọn nítorí eyín ló pa wọ́n.

Ètò ilé ìwòsàn ọ̀rẹ́ ọmọ ọwọ́, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF dá sílẹ̀ ní 1991, dé Nàìjíríà láìpẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ sí ọyàn láàárín ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìbí, kí ọmọ máa sùn ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, kí fíìdà má wọ inú ilé ìgbẹ̀bí. Ní 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ di ìlànà pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà, láìfi omi kún un. Omi yìí ni ìjà gan-an. Nǹkan bí ìdá 88 nínú 100 omi ọmú ló jẹ́ omi, nítorí náà òùngbẹ kì í gbẹ ọmọ tó bá ń mu ún dáadáa, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àlàyé yìí yé ọ̀pọ̀ ọlọ́mọ lóde òní. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ tó bá rí i pé ètè ọmọ gbẹ kò ní gbọ́ ọ, á fún un lómi nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wọ balùwẹ̀. Ìmọ̀ ọlọ́mọ nìkan kò tó bí kò bá ní àṣẹ nínú ilé tó ti ń tọ́jú ọmọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí nọ́ọ̀sì máa pe ìyá àgbà àti ọkọ pẹ̀lú.

Ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera fi bí nǹkan ṣe ń lọ hàn. Ní 2008, ìdá 13 péré nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan. Ní 2013, ó di 17. Ní 2018, ó di 29. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá ọmọ tó kù náà ń fún ọmọ lọ́mú, omi, agbo tàbí ògì ni wọ́n fi ń kún un. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi ìbímọ oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́ ní 2014, kí wọ́n lè ráàyè fún ọmọ lọ́mú. Ìpinnu tó yẹ fún ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ata ní ọjà Mile 12, èyí tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ, kò sí lórí ìwé òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ tí owó bá tán nílé ni ìsinmi tiwọn tán, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn ìyá ilẹ̀ yìí. Ilé ìtọ́jú ọmọ nítòsí ọjà, tí ìyá lè rìn lọ fún ọmọ lọ́mú láàárín ọjà tí ó ń tà, ni ohun tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ fún wọn báyìí.